Kí ẹ tó gé imú mọ́tò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ba iṣẹ́ kan jẹ́ kí n tó tún un ṣe. Mo ti gba fìríìdọ̀mù tipẹ́ nígbà náà, mo sì ti ń pe ara mi ní ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Ṣàgámù, nítòsí Odógunyàn, níbi tí eruku tírélà ti ń bá wa jẹun àárọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé Peugeot 504 àtijọ́ wá. Kò bàjẹ́ o. Ó fẹ́ fi máa díje nínú eré tí wọ́n ń pè ní dráàgì ni: mọ́tò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, kálukú á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Wally Parks ti dá NHRA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré dráàgì, sílẹ̀ lọ́dún 1951, ìwọ̀n ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ mọ́ eré náà ni ẹsẹ̀ bàtà 1,320, bíi mítà 402. Ọ̀nà náà tọ́ gbọnrangandan, kò sí kọ́nà kankan níbẹ̀.

Ohun tó ní kí n ṣe ni pé kí n gé gbogbo irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú, láti ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ dírẹ́bà títí dé ibi rádíétọ̀, kí n wá fi páìpù rọ́pò rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti 504 lọ. Ẹ ti rí i bí ọ̀kadà ṣe máa ń gbé imú sókè tí wọ́n bá já kílọ́ọ̀ṣì lójijì. Ìwúwo ń sá lọ sẹ́yìn nìyẹn, ẹ̀yìn yẹn náà la sì fẹ́ kó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Irin tó bá pọ̀ jù níwájú, ẹrù lásán ni.

Mo wọn gbogbo rẹ̀ kí n tó gé e. Mi ò ya ọ̀lẹ. Orí ṣọ́ọ̀kì òsì, orí ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún, ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ibi tí wọ́n de stíárìn mọ́, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ etí irin tó gbé rádíétọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa tépù, irin rádíétọ̀ yẹn gan-an ni mo sì kọ́kọ́ gé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti sanwó, wọ́n ti gbé e lọ. Mo wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ: nọ́ńbà kún ìwé mi, mi ò sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Èyí tó tún burú ni pé mi ò fi irin de orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀ kí n tó gbé gíráńdà. Bí irin pẹlẹbẹ ṣe kúrò, olúkúlùkù gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Bàbá kan tó ń gbé ní Igbógbó ló yọ mí. 504 tirẹ̀ ṣì ń rìn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọn mọ́tò yín." Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní, "Tépù nìkan ni mo fẹ́ rí o. Tí mo bá gbúròó gíráńdà, ẹ̀yin náà á gbúròó mi." A gbé mọ́tò náà sórí kọnkéré tó tẹ́jú. Mo yá pọ́ḿbù, okùn tí irin wúwo wà lẹ́nu rẹ̀, lọ́wọ́ bíríkìlà, mo sọ ọ́ kalẹ̀ láti inú ihò méjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ mọ́tò, lábẹ́ ìjókòó, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní gé láéláé. Ihò méjì yẹn wà lára mọ́tò tèmi náà. Mo fi ẹfun sàmì sílẹ̀. Mo wá wọn ìdábùú: láti ihò òsì dé orí ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún, láti ihò ọ̀tún dé orí ṣọ́ọ̀kì òsì. Ti bàbá dọ́gba. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí mo wọn tèmi, mìlímítà 11 ló fi yàtọ̀ síra.

Ó wá kan páìpù. Páìpù omi ló wà nílẹ̀, òun náà ni mo kọ́kọ́ mú. Ẹ má ṣe é. Wọ́n ṣe é kí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá ni. Kì í ṣe irin tó ń gbé ẹ̀mí èèyàn. Síńkì tí wọ́n fi bò ó lára tún máa ń di èéfín funfun tí iná bá kàn án. Mo jó o lọ́sàn-án, nígbà tó di òru mo ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ẹnu mi ń dùn bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Wọ́n ní kí n mu mílíìkì inú agolo. Mo mu ún, ó dùn, kò sì ṣe nǹkan kan. Ara mi balẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àmọ́ mi ò fi ọwọ́ kan páìpù náà mọ́. Páìpù irin lásán tí wọn ò fi síńkì bò, íǹṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin ní fífẹ̀, tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà méjì, ni a wá lò. Mítà kan rẹ̀ wúwo tó kìló kan ààbọ̀.

Oníbàárà náà ti gbọ́ nípa krómólì, ó ní òun ló fẹ́. Irin tó le ni lóòótọ́. Lábẹ́ òfin NHRA, mọ́tò àtijọ́ bí irú èyí tó bá sáré náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9.99 tàbí tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní àgò irin yí dírẹ́bà ká: irin lásán á nípọn tó bíi mìlímítà mẹ́ta, ṣùgbọ́n krómólì lè jẹ́ méjì àti díẹ̀. Wọ́n sì ní TIG, ẹ̀rọ wẹ́dà tó ń fi gáàsì bo ojú ibi tó ń jó, nìkan ni kí wọ́n fi jó krómólì. Ṣé mo ní TIG? Mi ò ní. Ẹ̀rọ wẹ́dà tó ń lo ọ̀pá ẹlẹ́kítíróòdù lásán ló wà lọ́wọ́ mi, krómólì tó bá sì tutù lójijì lẹ́yìn tí iná kàn án lè sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí a jó. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: ó ṣòroó ṣẹ́ ju irin lásán lọ, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòroó tẹ̀ jù ú lọ. Páìpù kan náà, ìnípọn kan náà, bákan náà ni wọ́n ṣe máa ń mì.

Ohun tó ń jẹ́ kó má mì ni igun mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti jó géètì rí mọ̀ ọ́n: géètì tí kò ní irin ìdábùú, kò ní pẹ́ tí á fi máa fa imú nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni imú mọ́tò. Ibi tí páìpù bá sì ti pàdé páìpù, ẹ gé ẹnu rẹ̀ bí ẹnu ẹja kó lè gbá èkejì mọ́ra. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá rí iná, ẹ padà sídìí fáìlì. Iná wẹ́dà kọ́ ni wọ́n fi ń dí àlàfo.

Ẹ tò ó pọ̀ ní tákì-tákì, ìyẹn ni pé kí ẹ kàn jó o ní ojú kéékèèké, òsì kan, ọ̀tún kan, kí ẹ tó jó o tán. Èmi jó òsì parí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ṣe fẹ́ bọ́ sí ọ̀tún ni wọ́n mú iná lọ, bẹ́ẹ̀ epo jẹnẹrétọ̀ ti tán. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ojú wẹ́dà ti tutù, ó ti súnkì, ó sì ti fa orí ṣọ́ọ̀kì wá sínú ní mìlímítà mẹ́rin. Mo tún gé e.

Ibi stíárìn ló gbà mí lákòókò jù. Nígbà tí a tò ó tán, a yọ sípírìn, a fi jáàkì gbé táyà sókè díẹ̀díẹ̀, a ń fi tépù wọn àárín táyà iwájú méjèèjì, ní iwájú wọn àti ní ẹ̀yìn wọn. Ó yẹ kí ìwọ̀n náà má fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tiwa yí padà ní mìlímítà mẹ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan stíárìn. Mo ti gbé àpótí stíárìn sókè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, kò ju fífẹ̀ ìka kan lọ. Tai-rọ́ọ̀dù, irin tó ń ti táyà yà, ń yí gba ọ̀nà tirẹ̀; lówà áàmù, apá irin tó di ìsàlẹ̀ táyà mú, ń gba tirẹ̀. Ẹ ro ó wò: imú mọ́tò yìí ló máa gbéra sókè ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí, tí táyà á sì máa yà fúnra rẹ̀ lẹ́nu eré. Ọjọ́ mẹ́ta la fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí a ń wọ̀n ọ́n, tí a tún ń sọ̀ ọ́.

Àwọn tó ra irin àlòkù ti sọ fún mi pé kìló 31 ni wọ́n gbé lọ. Mo yá sìkéèlì wọn, mo wọn páìpù tí mo fi rọ́pò rẹ̀: kìló 15. A fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jèrè kìló 16. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, rẹ́wáyà gbé bátìrì kúrò níwájú lọ sínú bútù láàárín òwúrọ̀ kan, ó de ìdè rẹ̀, ó fi suíìṣì ìpaná sẹ́yìn níta kí ẹni tó bá sáré débẹ̀ lè pa á. Kìló 14 ni bátìrì yẹn. Mo wo rẹ́wáyà, rẹ́wáyà wo èmi náà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Àmì tí mo fi pọ́ḿbù ṣe ṣì wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n kí òjò má bàa wẹ̀ wọ́n lọ. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ibi tí ẹ fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé sí nìyí?"