Okùn kumihimo tí mo ń fi Excel ṣètò: ibi tí iṣẹ́ dé

Sátidé

Kumihimo ni okùn híhun ti àwọn ará Japan. Òwú mẹ́jọ, àwọ̀ mẹ́ta: pupa, funfun àti aró. Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 90 cm, mo so orí wọn pọ̀, mo sì tì í gba ihò àárín àwo fóòmù mi. Àwọn àgbà oníṣẹ́ ní ìlú Iga àti Kyoto lọ́hùn-ún kì í lo fóòmù. Marudai, tábìlì kékeré onígi olójú róbótó, ni tiwọn. Tama tí wọ́n ká òwú mọ́ á máa rọ̀ yí i ká, ìwọ̀n rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òwú dẹ̀. Èmi ṣì wà lórí àwo tí wọ́n gé ojú 32 sí létí. Àpò òkúta ni mo fi kọ́ sísàlẹ̀.

Kongō gumi, irú okùn kumihimo kan, ni mò ń hun. Òwú méjì wà lókè, méjì nísàlẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Tọ̀tún òkè á sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún àwọn tìsàlẹ̀; tòsì ìsàlẹ̀ á gòkè lọ sọ́wọ́ òsì àwọn tòkè. Mo yí àwo, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ tètè mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ ni ìṣòro: àfi kí n hun ún jìnnà kí n tó mọ bí yóò ṣe rí. Òwú tí mo ti tú dànù kì í ṣe kékeré, ìyẹn ló gbé mi dé ìdí Excel, kí n lè ya àwòrán okùn síbẹ̀ kí n tó hun ún.

Mọ́ńdè

Mo rí i! Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára òwú kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣọ́ ọ bó ṣe ń rìn. Mẹ́rin tòkè àti ìsàlẹ̀ kì í bá mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ dàpọ̀ rárá; kálukú ń bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ ni. Lójú kan ṣoṣo, òwú mẹ́rin ló ń yọjú tẹ̀lé ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá yọ lókè ní ìlà 3 (híhun ẹ̀ẹ̀kan ni ìlà kan) ló yọ nísàlẹ̀ ní ìlà 1.

Nítorí náà, lẹ́tà mẹ́jọ péré ni mò ń tẹ̀. Mẹ́rin sí òpó òkè (P, P, F, F), mẹ́rin sí òpó ọ̀tún (A ni gbogbo wọn). Ìlà karùn-ún ń wo ìlà kìíní, =A1 (orúkọ àpótí ni A1 yìí), mo sì fà á lọ sísàlẹ̀ dé ìlà 60. Excel fúnra rẹ̀ ló ń kun àpótí: P á pọ́n, A á di aró. Ó dára lójú púpọ̀.

Tọ́sìdeè

Okùn kò bá àwòrán mu. Nínú àwòrán, aró lọ tààrà láti òkè délẹ̀. Lọ́wọ́ mi, ó ń lọ́ yí okùn ká bí ejò tó wé mọ́ igi. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Àṣé gbogbo ìgbà tí mo bá hun ẹ̀ẹ̀kan, òwú méjèèjì ti kúrò ní ojú tí wọ́n wà, wọ́n ti sún sí ojú kan síwájú!

Mo wá fẹ àwòrán sí àpótí 32, mẹ́jọ fún òpó kan, mo sì mú kí ìlà kọ̀ọ̀kan sún sósì ní àpótí kan. MOD, ìṣirò Excel tó ń mú ìyókù pípín jáde, ló ń gbá èyí tó bá jáde létí òsì padà wọlé lọ́tùn-ún. Mo di okùn mú, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lókè, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà: aró, pupa méjì, funfun méjì, bákan náà ni wọ́n ń dà gẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń hun sageo, okùn àkọ̀ idà, kí òfin Japan ti 1876 tó fòpin sí idà gbígbé kiri, wọn kò ní Excel. Lẹ́yìn òfin náà, obijime tó ń wà lórí ọ̀já kimono ni ọ̀pọ̀ wọn yà sí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi.

Olówú 16 ló kàn. Òwú méjì-méjì lójú mẹ́jọ, òpó mẹ́rin láti kọ lẹ́tà sí dípò méjì. Mo ti gé mẹ́sàn-án nínú òwú náà.