Kí ẹ tó gba òwú lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja: ohun tí mo kọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Orúkọ obìnrin kan wà nínú àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tá à ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó lọ sí ọjà kọ ọ́ ní Muslimat, àwọn tó lọ sí mọ́sálásí kọ Mọ̀sìlímátù, àwọn tó jókòó sí ilé ìwòsàn alábọ́dé sì kọ "Ìyá Kúdí, ẹlẹ́ja". Nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, ọjọ́ orí mẹ́ta: 38, 41, 45. Nígbà tí èsì dé pé ó ní kòkòrò HPV, irú èyí tó lè di jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, a ò mọ ta ni ká wá lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko la fi wá a kí nọ́ọ̀sì wa kan tó gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń ná ẹja ní ọjà Olúwo, tó sì dá a mọ̀.

Orí ló bá wa ṣe é. Kòkòrò yìí máa ń lo ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ lára obìnrin tí ara rẹ̀ le, nítorí náà a ṣì bá a nígbà tí nǹkan ò tíì bàjẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbóná ni wọ́n fi jó ojú ibẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì gba ilé lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ò jẹ́ kí n sùn, nítorí èmi ni àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwádìí alájọṣe ni tiwa: yunifásítì kan nílé, òmíràn lókè òkun, ilé ìwòsàn, àti iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun èlò àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí n máa bójú tó ìlanilọ́yẹ̀, àkọsílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àárín wa pẹ̀lú iléeṣẹ́ yẹn. Mo kà wọ́n sí iṣẹ́ mẹ́ta, mo fi ẹni mẹ́ta sí wọn, ẹnikẹ́ni ò sì bi ẹnì kejì ní nǹkan kan. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àkọsílẹ̀. Obìnrin tó bá jáde síta láti ṣe àyẹ̀wò, káàdì tó ní nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fún un lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà yẹn náà ni kó wà lára ìgò òwú rẹ̀, ìyẹn òwú tí wọ́n fi ń gba omi ara fún àyẹ̀wò. Ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ, ẹ tì í mọ́ ibòmíràn, kó má sì kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é nísọ̀, orúkọ ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀, àti nọ́ńbà ẹnì kan tó fọkàn tán, nítorí síìmù máa ń sọnù. Ní ti ọjọ́ orí, ẹ má kàn ní "Ọmọ ọdún mélòó ni yín, mà?" A bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Kíláàsì wo lẹ wà nígbà June 12, lọ́dún 1993? Ṣé ẹ ti bímọ nígbà tí Abíọ́lá kú, lọ́dún 1998?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣírò, ọjọ́ orí á sì bọ́ sójú ẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi èsì àwọn obìnrin mélòó kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú orúkọ wọn. Kò ní èrò ibi lọ́kàn, ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ara mi gbọ̀n nígbà tí mo rí i. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tó gbẹgẹ́, àkọsílẹ̀ tó bá sì jò lọ́nà tó lè pa ẹni tó ni ín lára, wákàtí 72 péré lẹ ní láti fi tó àjọ ìjọba létí. Òfin nìyẹn o. Ti inú ilé le jù ú lọ. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò HPV máa ń bá wọlé, ó sì lè fara pamọ́ sára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọkọ tó bá gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ nìkan, ó lè lé ìyàwó jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Látìgbà yẹn, nọ́ńbà nìkan ló ń kọjá lórí fóònù wa.

Ìlanilọ́yẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. A ta kánópì, a gbé gbohùngbohùn, a pariwo jẹjẹrẹ, àwọn èèyàn sì sá. Ìgbà tá a lọ bá ìyálọ́jà nílé rẹ̀, tá a dúró kí wọ́n ta ẹja tán, tá a sì ṣàlàyé pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi òwú náà gba omi ara yín nínú yàrá tẹ́ ẹ tìlẹ̀kùn mọ́ra yín, ìgbà yẹn ni wọ́n tò.

Ọjọ́ yẹn náà ni Ìyá Kúdí bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn.

"Àǹtí, òwú yìí, ẹ ní ẹ máa kó o lọ sókè òkun. Tí wọ́n bá rí nǹkan tà níbẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ó wò mí.

"Ẹ má sọ wá di ẹni tó forí fọ́ àgbọn o. Wọ́n ní kì í jẹ níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Oríṣiríṣi ni HPV, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. HPV 16 àti 18 ló ń fa bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ káàkiri àgbáyé, ṣùgbọ́n HPV 35 wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà ju ibòmíràn lọ, kò sì sí nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní Nàìjíríà lóṣù kẹwàá ọdún 2023. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe ohun èlò tó ń rí HPV 35 dáadáa, òwú àwọn obìnrin bí tiwa ló máa wá. Ní 1951, wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lára Henrietta Lacks, aláìsàn kan ní Baltimore nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ṣòwò káàkiri ayé. Ọdún 2023 ni iléeṣẹ́ kan tó jèrè nínú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ẹbí rẹ̀ yanjú.

Mo padà lọ ka àdéhùn wa. Ojú ìwé mọ́kànlélógún, ibi tí wọ́n ti dárúkọ ará Ẹ̀pẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ, iye òwú tá a máa kó ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Mo ní a ò ní fi ìgò kankan ránṣẹ́ mọ́. Oṣù mẹ́rin la fi fà á. Iléeṣẹ́ ò gbà láti san ìdá kankan nínú èrè, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé èsì gbọ́dọ̀ padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, pé àkọsílẹ̀ ò ní í di títà fún ẹnikẹ́ni, àti pé ohun èlò tó bá tibẹ̀ jáde, iye tó bá ná wọn láti ṣe é ni ilé ìwòsàn ìjọba níhìn-ín á fi rà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jà lé lórí. Ẹ má tíì ra òwú kankan.

Ọdún tó ń bọ̀ la máa tún àdéhùn náà ṣe. Ìyá Kúdí ti ní òun fẹ́ jókòó síbi tá a ti máa kà á, ká kà á ní Yorùbá, ká má sì fi í sí ìdájí, torí ẹja ń dé.