Yíyọ́ kẹ́lẹ́ bá àgbọ̀nrín nígbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé tí yìnyín bá ti bo ilẹ̀, iṣẹ́ ọdẹ ti rọrùn nìyẹn, ṣebí ojú ẹsẹ̀ ẹran á hàn kedere, kéèyàn sáà máa tọ̀ ọ́ lọ. Rárá o, yìnyín ò rí bákan náà lójoojúmọ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́, tó ṣì fúyẹ́ bí òwú, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀, ó máa ń gbé ariwo mì. Àmọ́ tí oòrùn bá yọ́ ojú ẹ̀ lọ́sàn-án, tí òtútù òru tún mú un dì, á le gbagidi, á wá máa fọ́ wómúwómú lábẹ́ bàtà. Ìrì dídì lórí ewé gbígbẹ náà ò sàn jùyẹn lọ. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ èmi kì í rìn rárá, ìdí igi ni mo máa ń jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn àgbọ̀nrín ń gbà, kí àwọn fúnra wọn wá bá mi.

Tí ilẹ̀ bá gbà fún ìrìn, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta, mo máa dúró pẹ́, ìdúró yẹn gan-an ni ọdẹ. Ẹ̀gbẹ́ bàtà ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fi kan ilẹ̀, kẹ́ẹ fi tọ́ ọ wò bóyá igi gbígbẹ wà lábẹ́ yìnyín, kẹ́ẹ tó gbé gbogbo ara lé e. Ẹ fara ti igi tẹ́ẹ bá dúró o, torí èèyàn máa ń hàn gan-an lórí ilẹ̀ funfun, àgbọ̀nrín ò sì mọ àwọ̀ pupa dáadáa lóòótọ́ àmọ́ tí nǹkan bá mì pẹ́nrẹ́n ó ti rí i. Ẹ má wá odindi ẹran. Etí tó gbọ̀n, imú dúdú, ẹ̀yìn tó dábùú láàárín àwọn igi tó nàró, nǹkan tẹ́ẹ máa kọ́kọ́ rí nìyẹn. Irun òtútù wọn nípọn débi pé ooru ara kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, yìnyín lè wà lẹ́yìn wọn kó má yọ́, téèyàn á máa wá ẹran aláwọ̀ ilẹ̀ nígbà tí èyí tó wà níwájú ẹ̀ ti funfun.

Atẹ́gùn ńkọ́? Ẹ wo èémí ẹnu yín, ibi tó bá ń lọ ni òórùn yín ń lọ. Kí oòrùn tó mú láàárọ̀, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn wá sísàlẹ̀ òkè, tí ilẹ̀ bá wá móoru ó máa ń gòkè padà. Jákẹ́ẹ̀tì náílọ́n tó ń dún tó bá ti kan igi, ẹ fi sílé, aṣọ wúùlù ló dáa. Ẹ fi téèpù bo ẹnu ìbọn kí yìnyín má wọ̀ ọ́, torí ìbọn lè bẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ẹ sì rántí pé ọta máa ń ta dànù lórí ilẹ̀ tó ti dì.

Tí àgbọ̀nrín bá ti gbọ́ mi tó sì sá, mi ò kì í lé e. Oúnjẹ ò pọ̀ nígbà òtútù, ọ̀rá tó ti kó sára látìgbà tí oúnjẹ ṣì wà ló fi ń gbéra, sísá nínú yìnyín jíjìn sì máa ń jẹ ọ̀rá yẹn gan-an. Ọ̀nà míì ni mo máa ń gbà kúrò níbẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń kóra jọ lásìkò yẹn, àwọn tó kù lè ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀ nítòsí.