Nígbà tí ooru bá ti ara èyí tó tutù wọ ara èyí tó gbóná

Omi gbígbóná kì í gba ooru lọ́wọ́ omi tútù. Òfin kejì thermodynamics (ìmọ̀ nípa ooru àti agbára) ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àdéhùn kan wà lábẹ́ òfin náà tí a kì í sábà kà síta: nǹkan méjèèjì, A àti B, kò gbọdọ̀ ní ìbátan kankan (correlation: ipò ọ̀kan kò gbọdọ̀ sọ nǹkankan nípa ti èkejì) kí wọ́n tó fara kanra. Bí wọ́n bá ti bára tan tẹ́lẹ̀, ohun tó kù nínú òfin náà nìyí:

(βA − βB)·QA ≥ ΔI

QA ni ooru tó wọ A, β ni 1/kT (T ni ìwọ̀n gbígbóná, k ni nọ́ńbà Boltzmann), I sì ni ìwọ̀n ìbátan, ìyẹn S(A) + S(B) − S(AB), níbi tí S ti jẹ́ entropy; ΔI ni bí I ṣe yí padà. A ló gbóná, B ló tutù, nítorí náà βA kéré sí βB. Bí I kò bá dínkù, kò sí bí ooru ṣe lè wọ A. Bí I bá dínkù, ó ṣeé ṣe. Òfin kò fọ́ o. Ìbátan la ná.

Ìbátan wo wá ni? Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ mú kúbíìtì méjì (ohun quantum tó ní ipò agbára méjì, ìsàlẹ̀ àti òkè) tí àlàfo agbára wọn dọ́gba. Ìṣeéṣe pé A wà lókè jẹ́ 0.30, ti B jẹ́ 0.20. Bó ti wù kí ẹ so ìṣeéṣe wọn pọ̀ tó, p10 (ìṣeéṣe pé A wà lókè, B wà nísàlẹ̀) yóò fi 0.10 ju p01 (A nísàlẹ̀, B lókè) lọ ṣáá, torí 0.30 àti 0.20 náà ló dè é mọ́lẹ̀. Pàṣípààrọ̀ tó ń pa agbára mọ́ yóò máa gba ooru kúrò lára A ni. Coherence α, ìyẹn ìsopọ̀ quantum láàárín ipò |01⟩ àti |10⟩, nìkan ló lè yí i padà.

α pàápàá ní ibi tó mọ: kò gbọdọ̀ ju √(p01·p10) lọ. Bí p01 bá jẹ́ 0.14, tí p10 jẹ́ 0.24, òpin rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.183. Ẹ fi α sí 0.18: ìṣeéṣe A yóò gòkè láti 0.30 dé bíi 0.437, ti B yóò wálẹ̀ dé 0.063. Ìyípo 74.5° ni èyí ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá dá a dúró níbẹ̀, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ní 149° ìṣeéṣe méjèèjì ti padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ irú ìfarakanra tí ẹ lò. XY − YX (X àti Y ni àwọn matrix Pauli, ti àkọ́kọ́ lórí A, ti èkejì lórí B) ń fẹ́ α tó jẹ́ nọ́ńbà gidi. XX + YY kò ní ka irú α bẹ́ẹ̀ sí rárá. Fún un, i, ìyẹn √−1, gbọ́dọ̀ wà nínú α. Bí àmì α bá jẹ́ òdì, ó ń mú kí ooru tètè jáde lára A ni.

Micadei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2019 pé kì í ṣe orí ìwé lásán. Wọ́n lo ẹ̀rọ NMR, tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò darí àárín átọ́ọ̀mù, pẹ̀lú hydrogen àti carbon-13 inú chloroform.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọn agbára kúbíìtì kọ̀ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ ti pa α fúnra rẹ̀, yóò sì rí ooru tó ń ṣàn bí ìṣe rẹ̀. Tomography (wíwọn ọ̀pọ̀ ẹ̀dà láti mọ ipò wọn) lára àwọn ẹ̀dà mìíràn ló dáa. Bí àlàfo méjèèjì kò bá sì dọ́gba, iṣẹ́ ti wọ inú ìṣirò náà, kì í ṣe ooru nìkan mọ́.