Ẹ má tíì fọ́máàtì ẹ̀: kọ̀ǹpútà tó ń ṣàdédé kú

Lọ́dọ̀ wa níbí, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, bí kọ̀ǹpútà bá ti ń ṣàdédé kú, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe: "Windows ẹ̀ ló ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Wọ́n á fọ́máàtì ẹ̀ (wọ́n á pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́, wọ́n á tún Windows tuntun kọ sí i), wọ́n á gbowó, á ṣe dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún kú. Fọ́máàtì kì í wo páwà páàkì (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) sàn, kì í sì í gbọn eruku. Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń kú, torí ikú kan ò jọ̀kan.

Èyí tó kú lójijì bí ìgbà tí wọ́n fa púlọ́ọ̀gì ẹ̀ yọ, iná tàbí ooru ni kẹ́ ẹ fura sí. Èyí tó kàn dákẹ́, tí máòsì ò lọ mọ́ àmọ́ tí fáànù ń yí, ẹ wo RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí), dísìkì (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí) tàbí káàdì fídíò (èyí tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀). Èyí tójú ẹ̀ di búlúù (blue screen), ó ti ń bá yín sọ̀rọ̀ nìyẹn, àmọ́ Windows kì í jẹ́ kéèyàn kà á tán kó tó tan padà. Ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ lọ sí Advanced, ẹ tẹ Settings tó wà lábẹ́ Startup and Recovery, kẹ́ ẹ wá yọ àmì iwájú Automatically restart.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ eventvwr.msc kẹ́ ẹ lè ṣí àkọsílẹ̀ Windows, ẹ wọ Windows Logs, ẹ wọ System. Kernel-Power 41 máa wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì pariwo pé àrùn náà nìyí. Rárá o. Gbogbo ohun tí 41 ń sọ ò ju pé kọ̀ǹpútà ò kú bó ṣe yẹ kó kú. Inú Details ni ọ̀rọ̀ wà, níbi BugcheckCode (nọ́ńbà àṣìṣe tó pa á). Bó bá jẹ́ 0, Windows ò ráyè kọ nǹkan kan sílẹ̀ kó tó kú, ẹ padà sídìí iná àti ooru. Bó bá ní nọ́ńbà, ẹ rántí pé kì í ṣe bí blue screen ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: 26 níbí ni 0x1A, ọ̀rọ̀ RAM sábà ni, 122 ni 0x7A, dísìkì, 278 ni 0x116, káàdì fídíò, 292 ni 0x124, tí hardware (ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà) fúnra ẹ̀ ń ké.

Iná wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ gbé mítà alágbèéká tí wọ́n fi ń wọn iná sí AC 750V, kẹ́ ẹ wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà ń lò gan-an, lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti tan iná, kì í ṣe lọ́sàn-án. 230V ló yẹ kó jẹ́. Páwà páàkì tó ní bọ́tìnnì 115/230 lẹ́yìn, tí wọ́n gbé sí 230, 180V ni iná tó kéré jù tí wọ́n ṣe é kó lè gbà. Bí háàfù kọ́rẹ́ǹtì bá já sísàlẹ̀ ìyẹn, kò sí fọ́máàtì tó lè gbà á.

Àwọn tó ń tẹ project fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí kọ̀ǹpútà bá ń kú gẹ́lẹ́ bí pírintà lésà (laser) tàbí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ṣe ń móoru, pírintà ni ọ̀daràn. Ohun tó ń yan bébà nínú ẹ̀ máa ń fa iná gidi lẹ́ẹ̀kan náà, iná á sì rẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí agbára ẹ̀ ò ju 650W lọ, kò sí àlàyé míì. Ẹ má ṣe kó àwọn méjèèjì sórí ẹ̀tẹ́ńṣàn kan, ẹ má sì ki pírintà lésà bọ UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ).

Inverter náà ní ìbéèrè tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń yan UPS tàbí Appliance. Bó bá wà ní UPS, nǹkan bí 10 ms ló fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ iná tó lọ, ní Appliance nǹkan bí 20 ms (1 ms jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Páwà páàkì tó dáa lè fara da nǹkan bí 16 ms láìsí iná, torí náà UPS ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Bó bá ti wà níbẹ̀, tí kì í kú tẹ́lẹ̀ bí iná bá lọ, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú báyìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kapásítọ̀ (èyí tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́) inú páwà páàkì ló ti ń rọ.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ dájú, ẹ gbé mítà sí DC 20V, ẹ fi ẹnu dúdú kan wáyà dúdú, pupa kan yẹ́lò, kí kọ̀ǹpútà máa ṣiṣẹ́ gidi lọ́wọ́. 11.4 sí 12.6V ló gbọ́dọ̀ wà. Wáyà pupa, 4.75 sí 5.25V. Ẹ má tú páwà páàkì fúnra ẹ̀ o: ó lè ku 300V àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ni, àmọ́ bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ẹ ka iye ẹsẹ̀ tó wà lórí wáyà tó wọ bọ́ọ̀dù ẹ̀ (motherboard) kẹ́ ẹ tó lọ ra òmíràn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lo 24. Òmíràn 8 ni, òmíràn 6.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣí CPU (àpótí kọ̀ǹpútà), ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ orí bọ́ọ̀dù wò. Kapásítọ̀ tórí ẹ̀ wú bíi búrẹ́dì ti kú nìyẹn. Ẹ wo igun dáadáa, torí ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ihò ẹ̀yìn CPU tí kò ní ìdérí mọ́ ni wọ́n ń bá wọlé, wọ́n á yé ẹyin funfun méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọn á sì jẹ ojú bọ́ọ̀dù. Ẹ lẹ ihò yẹn pa, àmọ́ ẹ má dí ojú ibi tí fáànù ti ń mí.

Eruku: nígbà ọyẹ́, oṣooṣù ni kẹ́ ẹ máa fi búlówà fẹ́ ẹ. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má baà máa sáré yí. Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba tí àwọn ayàwòrán ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ni heatsink (irin tó ń fa ooru kúrò lára processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó ti dí máa ń tú àṣírí ara ẹ̀. Ẹ fi HWiNFO, ètò tó ń fi ooru hàn, wo ooru processor: bó bá ń fi orí kan 95 tàbí 100°C kó tó kú, ẹ nu thermal paste (ìpara àárín processor àti heatsink) tó ti gbẹ kúrò, ẹ fi tuntun sí i. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó. Kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́ là ń bù. Ẹ fọwọ́ ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin heatsink wò, ọ̀kan ṣoṣo tó yọ ti tó ìyọnu.

RAM: ẹ yọ ọ́, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ rọra nu ẹnu wúrà ẹ̀, ẹ dá ọ̀kan ṣoṣo padà, kí MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú kó lè yípo lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àṣìṣe kan péré ti pọ̀ jù. Bí blue screen bá ń dárúkọ fáìlì .sys kan náà ṣáá, dráífà (ètò tó ń darí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kan) ni. Bó bá ń dárúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, RAM ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Dísìkì ló kù. Nínú CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, bó bá jẹ́ ìlà C7 (àṣìṣe ojú wáyà) nìkan ló ń pọ̀ sí i, wáyà SATA tó so dísìkì mọ́ bọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Bó bá jẹ́ 05 tàbí C5 (ojú dísìkì fúnra ẹ̀ ló ń bàjẹ́), ẹ kó iṣẹ́ yín sórí nǹkan míì kẹ́ ẹ tó ṣe chkdsk (ètò Windows tó ń yẹ dísìkì wò, tó sì ń tún un ṣe), torí chkdsk lè parí iṣẹ́ fún dísìkì tó ti ń kú lọ.