Nónò Ìyá Àgbà

Ní Kubwa níbí, ní Àbújá, àwa mẹ́rin kan tí a ti fẹ̀yìn tì la máa ń jókòó sábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì la sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàálù onífáànù méjì kan bá fi lè kọjá lókè, ó parí. Kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tí òun ti wọ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa ò ní ju DC-3 sílẹ̀. Dakota ni wọ́n ń pè é láyé ọjọ́un. Wọ́n ní tó bá wà nílẹ̀, ìrù rẹ̀ á rẹlẹ̀, imú rẹ̀ á máa wo sánmà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọlé látẹ̀yìn, ńṣe ló máa gùn ún lọ síbi ìjókòó rẹ̀ bí ẹni ń gun Olúmọ.

Tèmi ni Fokker F27. Àwọn òyìnbó Netherlands ló ṣe é, ọdún 1955 ló kọ́kọ́ fò, ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Kò sí bàálù tó dára fún ọmọdé bíi rẹ̀. Apá rẹ̀ wà lókè, kò ní dí ọ lójú. Fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, ó rí bí ẹyin. Tó bá fẹ́ balẹ̀, wàá máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń yọ jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Dart náà kì í bú o, híhan ló máa ń han goooro, etí rẹ á sì máa bá a han títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́.

Ọdún 1973 ni. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri, ní Kàdúná. Ìyá Àgbà wá kí wa láti Ìbàdàn, orúnkún sì ń dùn wọ́n, ni bàbá mi bá ní kí wọ́n má wọ ọkọ̀ ojú irin padà mọ́. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù dé Èkó fún wọn, wọ́n ní kí n sìn wọ́n lọ.

Ìyá Àgbà ní àwọn ò lè dé Ìbàdàn lọ́wọ́ òfo. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ra nónò, wàrà kíkan àwọn Fúlàní, ẹ̀kún kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó máa ń kiri ládùúgbò wa. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dún yẹn, Ìyá Àgbà ò sì gbà pé owó gidi ni. Ṣílè ni wọ́n fi ń ná an. Obìnrin yẹn náà ń dá wọn lóhùn ní “sule”, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ara wọn yé ju bí ìjọba ṣe gbọ́ wa yé lọ.

Ewé ni obìnrin náà fi dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì, kò dé e pa. Ó fi Hausa ṣàlàyé pé nónò yìí ń mí, kí ẹnikẹ́ni má fún un lọ́rùn. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn: èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀.

A wọ bàálù, kẹ́ẹ̀gì wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wá, nónò ń kán tó, tó, sórí bàtà tuntun mi. Ìyá Àgbà ti dijú, wọ́n di apá ìjókòó mú, wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan. Mo bá yọ ewé, mo fa ìdérí kẹ́ẹ̀gì jáde nínú àpò wọn, mo lọ́ ọ títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Mo tún fi ọ̀rá wé e, mo fi okùn dì í. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bàálù yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tó ti ilẹ̀. Bí a ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì ń wá àyè, nónò alára sì ń kan, ó ń fi tirẹ̀ kún un. Ta ló máa mọ̀yẹn lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án? Ohun tí mo rí ni pé kẹ́ẹ̀gì ti wú bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n múnú bí. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó le bí òkúta. Mo wò ó, mo wo fèrèsé. Mo pinnu láti máa wo fèrèsé.

GBÀÀ!

Ìdérí lọ bá àjà bàálù. Ẹnì kan pariwo pé táyà ti bẹ́, bíi pé a wà ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù dúdú níwájú wa di ẹyẹ awó lójijì, funfun tó-tò-tó látèjìká dé ẹ̀yìn. Nónò bá Alájì kan nírùngbọ̀n. Ó fìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó ní, “Kai! Nono ne.” Ó ronú díẹ̀. “To, ina sukari?” Ó ń bèèrè ṣúgà! Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, àfi oníkóòtù.

Ìyá Àgbà lajú, wọ́n fọwọ́ nu iwájú orí wọn. “Ta ló ṣí fèrèsé tí òjò fi ń fọ́n wọlé?”

Títí Ọlọ́run fi pè wọ́n, ni wọ́n ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí pé bàálù kì í fẹ́ wàrà. Mi ò já wọn nírọ́. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lábẹ́ máńgòrò yìí, ni mo tó jẹ́wọ́ okùn àti ọ̀rá fún ẹ̀dá alààyè. Ẹ̀gbọ́n wò mí títí, wọn ò fèsì. Nígbà tí ìyàwó mi gbé mọ́ọ̀tì wá, wọ́n gba tèmi lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n rìn jìnnà sí wa díẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri, kí wọ́n tó ṣí i.