Àfín méjì, ọmọ dúdú mẹ́fà

Ọdún tí mo kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn òjòlá mi yé ẹyin ní Sùúrùlérè, ọmọ mẹ́fà ló jáde, gbogbo wọn ló dúdú bí èyí tó wà nínú igbó. Àfín ni bàbá wọn. Àfín ni ìyá wọn.

Ọjọ́ 58 ni mo fi ṣọ́ ẹyin yẹn. Ooru ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 31 sí 32 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí iná ọba bá lọ lóru, màá dìde da omi gbígbóná sínú ìgò, màá tò ó yí wọn ká. Nígbà tí mo wá rí ọmọ dúdú, inú bí mi gan-an. Mo pe ẹni tó ta akọ fún mi, mo ní oníjìbìtì ni. Ó fara balẹ̀, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, irú àfín wo ni abo yín?”

Mi ò mọ̀ pé àfín ní irú.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ genotype. Bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SS, bẹ́ẹ̀ ara bàbá àti ìyá le koko. Bí ti àfín ṣe rí nìyẹn: ejò tó bá gbé ẹyọ jíìnì kan ṣoṣo, ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Ó di kó gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n jíìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè sọ ball python, irú òjòlá tí mo ń sìn, di àfín. Albino ni akọ mi: funfun àti ìyeyè, ojú pupa. Lavender albino ni abo: òun náà ní ìyeyè, ojú rẹ̀ náà pupa, àmọ́ ibi tó yẹ kó funfun dà bí aṣọ elésè àlùkò tó ti ṣá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ẹyọ kan lára ti bàbá, ẹyọ kan lára ti ìyá, kò sí èyí tó pé méjì. Kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ. Mo pè é padà lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè ìdílé bàbá àti ìyá kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbé ejò náà síbi ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Abẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ni mo ti wo abo mi, ìdí nìyẹn tó fi funfun lójú mi. Bí ojú rẹ̀ bá ṣú bí èéfín, ó fẹ́ bọ́ awọ ni, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣá, ẹ dúró dìgbà tó bá bọ́ ọ tán. Pastel, irú àwọ̀ mìíràn tí wọ́n ń tà, rọrùn ní tirẹ̀: ẹyọ kan ti hàn lára, méjì á tún mú kó mọ́lẹ̀ sí i. Spider, òun náà irú àwọ̀ kan, rẹwà, àmọ́ orí rẹ̀ a máa gbọ̀n, inú jíìnì yẹn gan-an ni àìsàn náà wà. Èmi ò ní sìn ín láé.

Ọ̀kan nínú àwọn abo dúdú yẹn ti tó yé ẹyin báyìí. Mo ti rí akọ albino kan fún un, tí kì í ṣe bàbá rẹ̀. Nínú ẹyin méjì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ àfín. Mo ti kọ ìdílé méjèèjì sára àpótí rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa.